Ilẹ̀kùn Tó Ní Kí Bàbá Dúró

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn àlá Fadékẹ́ fún yín, bó ṣe rò ó fún wa gan-an. Oorun ọ̀sán ló sùn tó fi lá a, ní ìlú Òyìnbó, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Akínṣọlá ọkọ rẹ̀ ti lọ pàdé bàbá Fadékẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, nítorí bàbá yìí ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rù sì ń ba Fadékẹ́. Kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá Akínṣọlá dúró nínú òjò, lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tí wọ́n ń bi í pé ta ló ni mọ́tò tó ń wà. Bó ṣe ń fún ọmọ lọ́mú ni oorun gbé e lọ.

Ó bá ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan tó ń léfòó lójú sánmà bí igbá lórí omi. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Kò ya Fadékẹ́ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ní ẹnu. Òyìnbó kan gbé kìnnìún sábẹ́ abíyá dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ní, "Ẹ kú ẹrù, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ máa kọjá." Bàbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò kékeré tó kó orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ sí.

Ilẹ̀kùn ní, "Ìwọ, dúró."

Fadékẹ́ wà lódìkejì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Aago ara ògiri wúkọ́, ó ní, "Bí bàbá yín kò bá kọjá kí n tó lù, àwa la ó sọ ọmọ yẹn lórúkọ."

"Kí lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

"Orúkọ kan náà la ní fún gbogbo ẹni tó bá ní àwọ̀ yìí. Afurasí."

Ọ̀gá kékeré kan jáde, irùngbọ̀n ṣóńṣó lágbọ̀n rẹ̀, bírò rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi bàbá pé, "Kí ló dé tí o ń wolẹ̀?"

"Àlejò ni mí, ọmọ mi. Àlejò kì í fi ojú tú ilé onílé."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, bírò: ó ń fojú pamọ́."

Bàbá gbójú sókè, ó wò ó.

"Kọ ọ́ sílẹ̀: ó ń fojú halẹ̀ mọ́ mi."

Bàbá di ojú méjèèjì.

"Kọ ọ́ sílẹ̀: ó ń gbìmọ̀."

Bírò ní, "Ọ̀gá, ẹ bi í ní ohun tó wá ṣe, kí yíǹkì mi tó tán."

Ọ̀gá tú àpò, ó mú orógbó kan. "Jẹ ẹ́ lójú mi, kí n mọ̀ bóyá májèlé ni."

Orógbó fara ya. "Májèlé kẹ̀? Èmi tí wọ́n fi ń súre!"

Bàbá gé e sí méjì, ó jẹ ààbọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún na ààbọ̀ kejì sí i. "A kì í dá nǹkan jẹ lójú ẹni. Gbà."

Bí ọ̀gá ṣe gé e jẹ ni irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ, ó sì di òbúkọ dúdú láti imú dé ìrù. Ó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ní, "Ìwọ, dúró."

"Èmi ni! Ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́!"

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Aago ti gbọ́wọ́ sókè láti lù. Fadékẹ́ rí i pé ojú ilẹ̀kùn wà lára òbúkọ, ó pariwo pé, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ sáré kọjá!"

Bàbá kò sáré. Ó fi ọwọ́ kọ́ òbúkọ lọ́rùn, ó ní, "Ẹni tó bá mi jẹ orógbó, mi ò lè fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn, mo mọ̀ ọ́n. A jọ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ni."

Òbúkọ rọra sọ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹran?"

"Àlejò ni ọ́. A kì í pa àlejò."

Kò sẹ́ni tó sọ "mo mọ̀ ọ́n" fún ilẹ̀kùn yẹn rí. Ó la ẹnu gbàgà, àwọn méjèèjì sì gba ẹnu náà kọjá. Bàbá gba ọmọ, ó fẹ́ẹ́ pe orúkọ, ni agogo bá dún.

Agogo ẹnu ọ̀nà ló ń dún. Fadékẹ́ ta jí, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Akínṣọlá àti bàbá ló dé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ mà pẹ́ o."

"Wọ́n ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú gbogbo àwa tá a tò, èmi nìkan ni."

Fadékẹ́ tú àpò. Ó rí ojú eyín lára orógbó kan. "Ta ló gé èyí jẹ?"

"Ọmọkùnrin tó yẹ ẹrù mi wò ni. Ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú òun, ni mo bá bù fún òun náà. Ojú rẹ̀ kan bí òbúkọ tó jẹ ewé ewúro. Ló bá ní kí n máa lọ."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú. Mo bínú gan-an, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orógbó ni mo dì sápò wá, mi ò di èpè."

Fadékẹ́ wo arúgbó náà títí, bó ṣe ru ìbínú láti ọ̀nà jíjìn tí kò dà á sí ẹnikẹ́ni lára. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí i létí báyìí, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́."