Ahọ́n Tó Gbàgbé Ṣúgà

3.

…ni nọ́ọ̀sì oúnjẹ bá ní tó bá ti fi ṣúgà búrẹ́dì kan ahọ́n, kó máa tu ú dànù. Kó tọ́ ọ wò, kó má gbé e mì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Búrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ kankan ò tíì pè é ní ìyá rí, ohun tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nìyẹn.

4. (ara fìríìjì)

ṢÚGÀ: RÁRÁ
FÚLÁWÀ FUNFUN: RÁRÁ
ỌTÍ: RÁRÁ
Ẹ̀FỌ́, Ẹ̀WÀ, ÈSO: JẸ Ẹ́ DÁADÁA

Ìdí: ẹstirójìn, omi ara tó ń darí nǹkan oṣù obìnrin, ti pọ̀ ju ìkejì rẹ̀ tó yẹ kó bá a dọ́gba lọ. Nǹkan oṣù ń ya. Ìju, kókó ẹran, wà nínú ilé ọmọ.

Ọkọ rẹ̀ fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Èmi náà ò jẹ ẹ́ mọ́.*

5.

Ó ṣe é tọkàntara. Oorun padà wá. Ọyàn tó máa ń ro ó kí nǹkan oṣù tó dé wá dẹ̀. Ó dúpẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́.

6. (ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì)

Ẹ̀YIN ONÍBÀÁRÀ WA, Ẹ MÁ BÍNÚ.
BÚRẸ́DÌ ÀNÁ Ò DÙN. A TI GBỌ́.

7.

Ìyá Búrẹ́dì kì í fi ìwọ̀n wọn ṣúgà. Ahọ́n ló fi ń wọ̀n ọ́n, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ahọ́n tó bá sì ti gbàgbé ṣúgà, díẹ̀ ló máa pè ní púpọ̀. Ó bu bíńtín sí i, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ti tó. Búrẹ́dì bá ń padà wálé bí ọmọ tí wọ́n lé ní iléèwé.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa.

8.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́ ọ wò.
ÌYÁ BÚRẸ́DÌ: Kí èmi wá máa ṣe kí ni?
ÀBÚRÒ: Ẹ sinmi.
ÌYÁ BÚRẸ́DÌ: Ọmọ ò sí. Ahọ́n náà ti lọ. Kí ni mo fẹ́ máa sinmi lé?

9.

DÓKÍTÀ: Mà, ẹ ò jẹ̀bi. Oúnjẹ yẹn ṣe yín lóore, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Àmọ́ ìju yìí ti kọjá ohun tí apá oúnjẹ ká. Ẹ̀jẹ̀ ara yín sì ti lọ sílẹ̀ jù.
ỌKỌ: Ṣé ìju nìkan lẹ máa yọ?
DÓKÍTÀ: A máa gbìyànjú. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, a máa yọ ilé ọmọ.
ÌYÁ BÚRẸ́DÌ: Gbogbo bí mo ṣe bẹ ara mi yìí, kò gbọ́ ni?

10. (fóònù Ìyá Búrẹ́dì; ọkọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́)

*Ìyàwó mi, ìwọ ni mo fẹ́. Jọ̀ọ́, buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ abẹ náà.* (Ó ti kà á.)

12.

Ó buwọ́ lù ú.

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ wo ìwé náà. Ó ku àyè kan.

"Mà, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ìyá Búrẹ́dì wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè yẹn sílẹ̀," ó ní, "títí n ó fi jí."