Òrìṣà tí Kékeré Dá

"Ìyàwó mi, ṣílẹ̀kùn fún mi. Òtútù ń pa mí níta."

Ohùn ọkùnrin kan ló ń tinú fóònù jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tí Kékeré ti ń lọ aṣọ, àmọ́ ohùn yẹn kọ́ ló mú kí ara Kékeré gan pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tó yà wá gba yúnifọ́ọ̀mù tó máa wọ̀ lọ́la. Kékeré sì mọ ohùn tó máa tẹ̀ lé ti ọkùnrin náà. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà wà lọ́wọ́ òsì, fóònù sì wà lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún níbi tó ti ń gba iná. Kó tó mọ èwo ni kóun kọ́kọ́ jù sílẹ̀, ohùn kejì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ikọ́ kékeré kan, bí ìgbà téèyàn ń tún ọ̀fun ṣe. "Wọlé o. Mi ò tì í."

Ohùn Kékeré fúnra rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti mú un rọ̀, ó fà á bí ohùn àgbà, ó sì fi ikọ́ yẹn há a láàárín. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò sẹ́nì kankan níta rẹ̀, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ti ẹnì kan, lẹ́yìn náà ti ẹlòmíì. "Ìyá ti ṣí i! Ó ti ṣílẹ̀kùn fún wa! Ìlú ti bọ́ sí wa lọ́wọ́!"

Kékeré ju ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó sáré pa fóònù náà.

"Ó jọ mí o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ikọ́ yẹn gan-an, o mú un dáadáa. Èmi alára ò mọ̀ pé mo máa ń wúkọ́ níbẹ̀." Ó nawọ́. "Yúnifọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

Kékeré gbé e fún un tòun ti háńgà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo kọ́là, ó wo ìdí apá, bó ṣe máa ń wò ó. "O káre. Ó dán," ló sọ, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ká ní ó gbá Kékeré létí ni, ìyẹn ì bá sàn fún un ju "o káre" yẹn lọ.

Kí n má parọ́ mọ́ Kékeré, kò fi èrò ibi bẹ̀rẹ̀. Eré kan ni wọ́n ń ṣe lórí ayélujára, àwọn èèyàn bíi mélòó kan tí wọn ò fojú kanra wọn rí. Kálukú wọn á dá òrìṣà tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì jọ máa hun ìtàn ìlú kan tí àwọn òrìṣà náà ń jà sí. Ẹni tó dá eré ọ̀hún sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Adájọ́, ló fi òfin lélẹ̀: ẹ ò gbọdọ̀ mú òrìṣà tí ẹnikẹ́ni ń bọ níbikíbi, ẹ ò gbọdọ̀ jí ti onítàn kankan, orí ara yín ni kẹ́ ẹ ti mú un. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní agbára, kó ní èèwọ̀, kó sì ní ibi tó kù sí, ìyẹn ibi àìlera rẹ̀. Ibi tó kù sí yìí, gbangba ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi mú un nínú eré. Ohùn ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn, torí pé ọ̀kan nínú wọn, Awakọ̀, ojú títì ló ń gbé, kò ráyè tẹ nǹkan kan.

Àwọn òrìṣà tí Kékeré kọ́kọ́ dá, ẹ jẹ́ ká má purọ́, wọn ò dáa. Ọ̀kan ń tu iná lẹ́nu, ojú ìkejì ń kọ mànà. "Kékeré," ni Adájọ́ wí, "ṣé òrìṣà lò ń dá ni, àbí o fẹ́ máa ta iná mànàmáná?" Gbogbo wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì í gidi gan-an, nítorí ẹni tó ń lọ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó rò nípa ohunkóhun, eré yẹn nìkan ló kù fún un tó fi ń lo orí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló wà ní ilé ìdáná tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, kò kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, ó kà á sí. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé fóònù sẹ́nu: ìyá arúgbó kan wà, Aṣílẹ̀kùndè lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ogun kankan ò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun, kò sì gbà pé ó kú. Ẹni tó bá fi ohùn ọkọ yẹn pè é, á ṣílẹ̀kùn fún un.

 Lẹ́yìn náà ni ìyìn wá ń rọ́ wọlé. "Níbo lo ti rí eléyìí?" ni Adájọ́ béèrè.

"Orí mi ni mo ti mú un," ni Kékeré dáhùn.

Látìgbà yẹn ló ti ń dẹtí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n náà ṣe máa ń yí bàtà ọkọ rẹ̀ tó kú padà kó lè kọjú sínú ilé, bọ́ sínú eré. Bó ṣe máa ń ròyìn fún olóògbé náà pé ọmọkùnrin lòun gbẹ̀bí rẹ̀ lónìí, pé orí ọmọ náà tóbi bíi tìẹ, bọ́ sínú eré. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àdúgbò bọ́ sí kí wọ́n tó bọ́ sílé ayé, òun náà ló sì tọ́ Kékeré látìgbà tí ìyá wọn ti lọ. Kò sóhun tí Kékeré béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún un. Ìyẹn ló mú kí jíjí yìí burú.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá, Kékeré pe Adájọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú Aṣílẹ̀kùndè kúrò nínú eré."

"Kí ló dé? Òun ni gbogbo wa fẹ́ràn jù."

"Ó ti sú mi ni."

"Òrìṣà kì í sú ẹni tó dá a. Kékeré, nínú gbogbo ohun tá a ti ṣe, kò sí èyí tó tó ìyá yẹn. O lẹ́bùn, ṣé o mọ̀?"

Ohun tó wá dójú tì í jù ni pé, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ìyìn náà ṣì dùn mọ́ ọn.

Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kì í fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kékeré ò tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó kànlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi Kékeré ni."

"Ó jọ ohùn ẹ lóòótọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí látinú ilé, "àmọ́ ohùn èèyàn ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́ láyé ìsinsìnyí."

Ará ilé kejì ń kọjá lọ. "Ṣé wọ́n tì ọ́ mọ́ta ni?" ló bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.  Kékeré wá ilẹ̀ tó máa lanu kóun wọlẹ̀, ilẹ̀ ò lanu. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn, lójú gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí.

"Dìde. Orúnkún ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sórí àga, ó ń bá bàtà iṣẹ́ tó ń nù lọ.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Eré lásán ni."

"Mo gbọ́. Ìparí eré ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Wá sọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún mi."

Kékeré sọ ọ́, kò fo ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ ọ bó ṣe máa ń gbọ́ aláboyún tó ń ròyìn ibi tó ń dùn ún. Nígbà tó dé ibi tí òrìṣà náà kù sí, ohùn Kékeré wálẹ̀. "Mo ní... mo ní kò gbà pé ọkọ òun ti kú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé bàtà sílẹ̀. "Kékeré, ta ló pa ojú ọkọ mi dé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Tí mo bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tí mo ní 'wọlé', ṣé torí pé mi ò mọ̀ ni? Orí mi ò dàrú. Mo mọ̀ pé ó kú. Ojoojúmọ́ ni mo mọ̀ ọ́n. Àìmọye ọdún ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó kàn wù mí kí n ṣì máa sọ ọ́ ni. Kí ló kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Omi bọ́ lójú Kékeré. Ó jí aṣọ aláṣọ, ó tún wọ̀ ọ́ sódì. Gbogbo bó ṣe ń dẹtí tó yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àjèjì ò lè mọ ìyẹn nípa mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Mo máa pa òrìṣà náà. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n pa á."

"Kí lo sọ fún wọn pé ó fà á?"

Kékeré wolẹ̀. "Mo ní ó ti sú mi."

"Áà! Nígbà tó o jí mi gbé, o purọ́. Nígbà tó o fẹ́ sin mí, o tún purọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "Gbọ́, gbangba lo ti bọ́ mi síhòòhò, gbangba náà lo ti máa wọṣọ fún mi. Sọ òótọ́ fún wọn. Kí n máa gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n máa lé mi. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti já mọ́ nǹkan."

Ẹnu rẹ̀ ló ti bọ́, kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i.

"Níbí ńkọ́?"

 Kékeré mú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í tẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kékeré ni. Aṣílẹ̀kùndè tí mo mú wá, irọ́ ni mo pa pé orí mi ni mo ti mú un. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, ilé wọn ni mò ń gbé, mo máa ń dẹtí sí wọn kí n lè rí nǹkan sọ fún yín. Ohùn wọn ni mo sín jẹ. Orí wọn pé ju tèmi lọ, wọ́n mọ̀ pé ọkọ wọn ti kú, wọ́n kàn ṣì fẹ́ràn ọkọ wọn ni. Gbogbo ẹ̀rín tá a rín, àwọn la fi rín. Ojú ń tì mí."

Ó fi ohùn náà ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó, wọn ò wo ara wọn. Ẹnì kan jáde nínú ẹgbẹ́. Adájọ́ ní òun ti gbọ́, pé ìdí tóun fi ṣòfin nìyẹn, pé kí Kékeré lọ jókòó ná títí àwọn á fi pè é. Ohùn rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ni ti Awakọ̀ wá. Tẹ́lẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti páàkì.

"Ìyá mi, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ni. Èmi ni mo ṣe bí ọkọ yín. Tí mo bá mọ̀, mi ò ní dán an wò láéláé."

Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí i tán. "Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Sọ fún un pé mo foríjì í, awakọ̀ kì í fi ìbànújẹ́ rìn lójú títì." Ó tún mú bàtà tó ń nù. "Kó o tún sọ fún un pé ọkọ mi ò pè mí ní 'ìyàwó mi' rí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú ilé yẹn, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un."

Kékeré sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rán an. Lẹ́yìn náà ló pa fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ọkọ yín ṣe máa ń pè yín?"

"O fẹ́ lò ó ni?"

"Rárá o."

"Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni," ni Kékeré wí. "Mi ò béèrè rí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ bóyá àbàwọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó wá sún mọ́ ọn, ó sọ orúkọ náà sí i létí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kékeré kó tó mọ̀, nítorí orúkọ ọ̀hún ò bá agbẹ̀bí àdúgbò mu rárá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n náà, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kí ìyẹn má bàa rí omi tó wà níbẹ̀.

Kékeré ò sọ orúkọ náà fún ẹnì kankan láti ọjọ́ yẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí fún yín, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò sọ ọ́ fún mi.