Obìnrin Tó Ń Pe Gbẹ́nàgbẹ́nà

“Kí lẹ jẹ́ sí ọkọ mi gan-an?”

Ìbéèrè náà kò le rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà mọ ìdáhùn rẹ̀. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni kò gbà á láyè láti sọ ọ́. Òun ni ilé ìwòsàn ńlá máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí bí wọ́n bá ti rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára ẹnìkan, kí ó lè rí i dájú pé onítọ̀hún dé ibùdó ìtọ́jú àdúgbò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mẹ́fà. Orúkọ ènìyàn méjìlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mọ́kànlá ti dé. Ẹni kejìlá, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n dúró sí yìí, kò tíì yọjú níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀. Níwọ̀n bí àṣírí aláìsàn ti jẹ́ ti aláìsàn nìkan, ohun kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì rí sọ lórí fóònù, lẹ́ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni pé, “Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ló wà láàárín èmi àti wọn.”

Ìdí nìyí tí ìyàwó fi wá lúgọ dè é lówùúrọ̀ yìí. Lórí fóònù, “ìwọ” ló ń pè é. Ìgbà tó wá rí ewú orí rẹ̀, ó di dandan kó máa fi ọ̀wọ̀ bú u.

“Ẹ̀yin ìyá, irú èyí kò yẹ ọjọ́ orí yín.”

Ó ku ọdún kan kí nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni fura sí i gbẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti tún ìborí rẹ̀ ṣe kó tó mọ̀.

“Ọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ fún ọ.”

“Ẹ gba ọkọ lọ́wọ́ mi tán, ẹ tún fẹ́ fi mí ṣọmọ.”

“Níbo ló wà?”

“Mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, mi ò bá a.”

Nọ́ọ̀sì wo yíká: ayùn, ìṣó, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ gíga kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Bàtà ọkùnrin kan, tọ̀tún tòsì, wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, wọ́n kọjú sí i.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń wo àìsàn tó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ? Nọ́ọ̀sì gbé ohùn sókè, ó kọjú sí pákó.

“Ohun tó gbé mi wá ní àtúnṣe. Oṣù mẹ́fà péré ni.”

“Ẹ ti ka iye oṣù tí ẹ máa lò lọ́dọ̀ rẹ̀ pàápàá.” Ohùn ìyàwó wá lọ sílẹ̀. “Ó ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Kọ́ọ̀pù tirẹ̀ ti yàtọ̀. Àbíkẹ́yìn wa tó máa ń gùn ún lẹ́yìn, ó ń lé e bí adìẹ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn wa, ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn?”

Gbogbo ẹ̀rí tí obìnrin yìí kó jọ láti fi dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi, ẹ̀rí ìfẹ́ ni, òfin kò sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wí bẹ́ẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù wúkọ́.

Ó kọ́kọ́ wú u lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń tọrọ ààyè. Lẹ́yìn náà ó wú u títí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ìyàwó wo bàtà. Ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì lọ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣí díẹ̀. Ọkùnrin náà fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bo ẹnu.

“Ìyá àwọn ọmọ, nọ́ọ̀sì mi ni wọ́n,” ó ní. “Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe mí.”