Àmì Yíǹkì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtẹ́lẹwọ́

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àáké kọ́rí, kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú, páńtà ni kí wọ́n wá bá. Oṣù mẹ́rin ni rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, apá tó fi ogójì ọdún kọ orúkọ sára pátákó ilé ìtajà, ilé ìwé àti ọkọ̀ akẹ́rù. Apá òsì rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ koko, kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀, láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn, kò fi ọwọ́ òsì yẹn mú ṣíbí, kò fi de bọ́tìnnì, kò fi fọ eyín. Bí oúnjẹ bá dé, á jókòó, á yanu, á sì máa wo ọmọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ yìí, aránṣọ ni, òun nìkan ṣoṣo sì ni bàbá bí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń fi oúnjẹ sí bàbá lẹ́nu, ọwọ́ ọ̀tún tí bàbá fúnra rẹ̀ fi rúlà kọ́ ọ ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí ilé iṣẹ́ fún un máa parí lọ́jọ́ Ajé, ibi tó sì ti ń ránṣọ jìnnà tó ìrìn wákàtí márùn-ún. Bí bàbá kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun kó tó di ọjọ́ náà, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ. Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì kan pamọ́ dè é níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá mọ̀. Ó ti sọ pé tí wọ́n bá gbé òun lọ síbẹ̀, òun ò ní pẹ́ kú. Ọmọ rẹ̀ gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà á débi pé oorun ò kùn ún mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá bàbá ṣe eré ìdárayá ló mú ọ̀rọ̀ àwo wá. Ó ní eré kan wà tí wọ́n ń ṣe ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn: èèyàn á ju àwo oníke pẹlẹbẹ, á rìn lọ bá a níbi tó balẹ̀ sí, á tún un jù, títí á fi jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tí ṣéènì rọ̀ yí ká.

"Tọmọdé tàgbà ló ń ṣe é," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọwọ́ tí bàbá ò gbà kó mú ṣíbí, bóyá wọ́n á gbà kó ju nǹkan. Ẹ ra méjì mẹ́ta fún wọn. Kẹ́ ẹ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù o, pé ọwọ́ òsì ni, àti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni."

Bí wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Àwo ló wà lára ògiri látòkè délẹ̀, pupa, yẹ́lò, búlúù, òórùn ike tuntun sì gba gbogbo inú ilé. Obìnrin gíga kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ló ni ibẹ̀. Ó gbé àga fún bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Bàbá kò tíì fìdí kàlẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló kọ pátákó tó wà níta yẹn?"

"Èmi náà ni, sà."

"Lẹ́tà kẹta ti fẹ́ ṣubú lu ìkẹrin."

Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín, ojú ló ń tì í. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá wá. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá ti ń fi àgbọ̀n júwe àwo dúdú kan tó wà lókè pátápátá.

"Ìyẹn ni kí wọ́n gbé fún mi. Ó jọ nǹkan gidi."

"Ẹ jẹ́ kó máa gbélẹ̀, bàbá," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Ẹni tó ti ń ju àwo láti bí ọdún márùn-ún ló ń lo irú ẹ̀. Etí ẹ̀ tín-ínrín, ó wúwo, agbára ló sì ń jẹ. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bá jù ú, wẹ́rẹ́ báyìí ló máa yà wọgbó. Gbogbo ẹni tó bá wọlé síbí, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á gbé e padà wá, wọ́n á ní kò dáa."

Ó kó mẹ́ta wálẹ̀, ó tò wọ́n sórí káńtà. Ó fi nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan han aránṣọ. Àkọ́kọ́ ń sọ bí àwo ṣe ń sáré tó: ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó má kọjá márùn-ún. Ìkejì ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀run. Ìkẹta àti ìkẹrin ń sọ ibi tó máa yà sí. Kí àwo náà fúyẹ́, kí etí rẹ̀ nípọn kó lè kún ọwọ́. Funfun yìí ni wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn, yẹ́lò yìí ń lọ jìnnà díẹ̀, búlúù wà láàárín.

"Ohun kan ṣá," ni obìnrin náà fi kún un. "Bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà yìí, tọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Tí ọwọ́ òsì bá jù ú, òdìkejì ló máa yà sí. Àwọn kan á rò pé àwo ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Bó ṣe yẹ kó ṣe ló ń ṣe."

Aránṣọ mú funfun, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ wò. Ó mú búlúù.

"Èmi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì," ni bàbá wí látorí àga. "Ẹ yéé sọ ohun tí mi ò jẹ́."

Kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀ díẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù kọjú sí aránṣọ. "Ẹ̀yin náà ẹ ò ṣe mú tiyín, kẹ́ ẹ lè jọ máa jù ú? Ọlọ́wọ́ òsì ṣáà lẹ̀yin náà."

"Rárá, ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń lò."

"Háà. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ọwọ́ òsì lẹ fi ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò."

Aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, àwo búlúù wà lọ́wọ́ òsì. Ó gbé e sílẹ̀ kíá, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì o. Bàbá rí i.

Ní ilé wọn nígbà tí aránṣọ wà lọ́mọdé, lálaalẹ́ kó tó wẹ̀, bàbá á pè é sí iyàrá iwájú tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òórùn ọ̀dà kì í ti í tán. "Gbé ọwọ́ wá." Ọmọ á na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ gílóòbù. Bí yíǹkì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, a jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi kọ̀wé nílé ìwé, rúlà mẹ́ta ni, torí bàbá gbà pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bàbá ní iṣẹ́ àwọn kò gba ọlọ́wọ́ òsì, pé ibi tó bá ń kọ lọ náà ni ọwọ́ á ti máa nu ohun tó kọ. Ó fẹ́ kó jogún búrọ́ọ̀ṣì òun. Ìgbà míì á fi àkísà ọ̀dà so ọwọ́ òsì náà mọ́ ẹ̀yìn àga. Tó bá nà án tán, á gbé bébà tuntun síwájú rẹ̀, á ní, "Ó yá. Tún un kọ." Ọmọ kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ kò dáa dòní, kò sì di páńtà. Ìdí abẹ́rẹ́ ló sá sí. Kò sọ fún bàbá rí pé ó dun òun. Ó ń dùn ún.

Oníṣọ́ọ̀bù ti mú máákà dúdú. "Àwo máa ń sọnù sínú igbó. Gbogbo àwa tá à ń jù ú la máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sábẹ́ ẹ̀, kí ẹni tó bá rí i he lè pè wá. Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ Páńtà," ni aránṣọ wí. "Gbogbo ayé ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà dojú àwo funfun délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Bàbá na ọrùn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lẹ̀ ń kọ yẹn? Ẹsẹ̀ lẹ́tà yẹn dà?"

"Ẹ ṣe sùúrù, bàbá, ó ṣeé kà."

"Ó ṣeé kà! Ṣé torí kó ṣáà ti ṣeé kà la ṣe ń kọ̀wé? Orúkọ mi lẹ kọ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Inú bí i gan-an. Ó nawọ́ sí máákà. Ọwọ́ ọ̀tún kò dáhùn, orí itan ló wà. Ọwọ́ òsì ló lọ. Ó já máákà gbà, ó fa àwo yẹ́lò mọ́ra, ó fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí káńtà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀. Ìkejì tóbi jù ú lọ. Òógùn bo iwájú orí bàbá. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó gbé ọwọ́ kúrò kó lè wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìnwá.

Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ti fà yẹ́ẹ́rẹ́yẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá lórí wọn.

Ó yí ọwọ́ náà padà. Yíǹkì dúdú ti bo ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, láti ìdí ìka kékeré títí dé ọrùn ọwọ́. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na àtẹ́lẹwọ́ náà sí ọmọ rẹ̀, sábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá."

"O ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Ọgbọ̀n ọdún ni aránṣọ ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ yìí. Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, kò lọ síbì kankan, àánú sì ti wá jókòó tì í. Bàbá kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Oníṣọ́ọ̀bù dorí kodò, ó ń to ohun tí kò nílò títò.

Aránṣọ mú àkísà tó wà lórí káńtà. Kò fọwọ́ kan ọwọ́ bàbá. Àwo yẹ́lò ló nù, ó nù ún títí lẹ́tà fi tán lára rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì fi ṣe é láìfi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ó gbé àwo náà padà síwájú bàbá.

"Ó yá, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ tún un kọ."