Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá

Iṣan ni ó ń wọ̀n nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, Oníṣan ni gbogbo wọn sì ń pè é níbẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ yóò da ikùn délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, Oníṣan á de àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, á ní kó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ á wá máa fi iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ onítọ̀hún hàn lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń nà. Iṣan tí kò ríṣẹ́ ṣe a máa nà bí rọ́bà inú ṣòkòtò tó ti gbó. Èyí tó bá ń gbé ẹrù wúwo déédéé a máa le sí i, kò sì ní nà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ̀, bíríkìlà tó fi ogójì ọdún gun àkàbà, ti dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Ó kàn ní kò síbi tí òun ń lọ mọ́ ni. Láàárín ọdún kan àtààbọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún ti di igi ìṣáná. Bàbá yìí nìkan ló sì kù fún Oníṣan láyé, kò sì lè káwọ́ gbera kó máa wò ó.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹrù irin mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, á dì í mú, Oníṣan á ka ení dé àrún. Ọ̀tún nìkan ni o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ wọn nìyẹn: ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ń fún níṣẹ́, wọn kì í fọwọ́ kan èkejì, kí wọ́n lè fi mọ ìyàtọ̀. Bó ṣe ń ṣe fún àjèjì ló ṣe fún bàbá tó bí i. Ká ní ìyá rẹ̀ wà láyé ni, ariwo ìbá ti sọ. Aránṣọ ni obìnrin yẹn, kò sì sóhun tó kórìíra tó iṣẹ́ ààbọ̀.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó gbé Bàbá lọ wọ̀n. Iṣan ọ̀tún ti le sí i díẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ó wá yí sí òsì, èyí tó yẹ kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Òsì le ju ọ̀tún lọ fíìfíì. Ó tún okùn so, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń bọ́ sí. Iṣan ẹni tó ń gun òkè lójoojúmọ́ ni.

Ó rọra bi Bàbá bóyá ẹnì kan máa ń wá sílé tí òun bá ti jáde.

“Ìyá ẹ ni,” Bàbá dáhùn, bí ẹni ń sọ ti aládùúgbò. “Ó máa ń wá lọ́sàn-án. Ó ní o gbàgbé ẹsẹ̀ kan.”

Oníṣan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Nígbà tí wọ́n délé, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ìyá rẹ̀ méjèèjì, tí Oníṣan fúnra rẹ̀ ti tì mọ́nú àpótí, wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀já aṣọ so wọ́n pọ̀. Wọ́n ti ki etí ọ̀já náà bọ inú kókó lẹ́ẹ̀mejì, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń parí gbogbo ìdè tó bá dì. Ó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Kí ni wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ yín ṣe, Bàbá?”

“A jọ ń lọ ni. Òkè ni gbogbo ọ̀nà yẹn, ó ní òun ò lè gbé mi pọ̀n. Ọ̀tún ló kù.”

Láti ọjọ́ yẹn ni Oníṣan ò ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ó parọ́ fún Bàbá pé ẹrù irin ti bàjẹ́. Ó kó àwọn áyọ́ọ̀nù lọ síbi iṣẹ́, ó tì wọ́n pa. Ó mọ̀ pé ìwà ìkà ni, ó sì ń ṣe é, nítorí kò fẹ́ kó ku òun nìkan sáyé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, iṣan ọ̀tún tún ń rọ̀. Òsì ń le sí i ní tirẹ̀, áyọ́ọ̀nù wà o, kò sí o.

Bàbá ò bínú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Oníṣan tètè dé, ó bá a níjòókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ bàtà sẹ́sẹ̀ òsì. Òsì tẹlẹ̀ gbọin, ọ̀tún ń gbọ̀n. Omi ń dà lójú Bàbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ìyá ẹ ti dúró pẹ́ jù, ọmọ mi,” Bàbá wí. “Ẹsẹ̀ ti ń dun òun náà.”

Oníṣan sunkún. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ẹrù irin wá, ó kúnlẹ̀, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìgbà tó so ó tán ló rí i pé òun ti ki etí okùn náà bọnú kókó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Oníṣan ń kà: ení, èjì. Nígbà tó kan ẹ̀ta, ohùn mìíràn ti bá tirẹ̀ lọ láti apá òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní òǹkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Kò gbójú sókè. Wọ́n jọ kà á dé àrún.