Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ṣẹ́kù

Abẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ etí nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀.

"Ókéè."

Ọmọbìnrin wọn dá ọwọ́ dúró. Ó wo abẹ, ó wo ojú Bàbá nínú dígí ńlá ara ògiri. Ohun tí Bàbá ń wí ni pé bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n àgbàlagbà kọ́ nìyẹn, pé kó kọ́kọ́ fi ìka fa awọ náà kó le, kó tó gbé abẹ lé e. Ó fi ìka fà á. Bàbá tún ní, "Ókéè," èyí wá rọlẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀ pé òun ti rí i ṣe. Kò rọrùn láti fá irùngbọ̀n onígbàjámọ̀, pàápàá lórí àga tí Bàbá fúnra wọn ti gẹ irun ìdajì àdúgbò.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú apá ọ̀tún, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá lọ bí olè ṣe ń kó ilé. Ẹyọ kan ló gbàgbé sílẹ̀. Ẹyọ náà kì í tilẹ̀ ṣe ti èdè ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń sọ káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sórí àga yẹn rí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Bí Bàbá bá gẹ irun tán, wọn á mú dígí ọwọ́ kúrò lórí ìṣó, wọn á gbé e sẹ́yìn orí oníbàárà, kí ó lè tinú dígí ńlá rí ibi tí ojú ẹni kì í dé lára ẹni. Wọn á wá béèrè pé, "Ókéè?" Bí oníbàárà bá ní ókéè, ó dìde nìyẹn, ó ń lọ sílé. Bí ó bá ní rárá, Bàbá kì í bínú. Wọn á ní, "Ókéè," wọn á gbé dígí sílẹ̀, wọn á tún mú àlùmọ́gàjí.

Ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n wá ń fi ṣe gbogbo ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ ṣe láyé. Òun ni omi, òun ni oorun, òun ni kí ẹ pa fèrèsé yẹn dé. Bí ó bá gùn, ọ̀rẹ́ kan ló ń kọjá lójú pópó. Bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá, ìgbọ̀nsẹ̀ ti dé o, kí ẹnikẹ́ni má fi falẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú àbúrò wọn dé, jẹ́jẹ́ ni Bàbá ń sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà.

Láwọn ọjọ́ tó kù, ọmọbìnrin náà ni ògbufọ̀. Ó ti pẹ́ tó ń ṣe é, débi pé àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́ ní Ẹnu-Bàbá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi: òwe yìí dùn mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé tìtorí rẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe pa á. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń tajà ní ọ̀ọ́kán ilé wọn nìkan ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà kan, obìnrin náà kí Bàbá láti ojú fèrèsé, Bàbá sì fún un ní ọ̀rọ̀ wọn.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ẹnu-Bàbá wí. "Wọ́n ní búrẹ́dì àná dára, àmọ́ iyọ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù, kí ẹ bá àwọn dín in kù."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo gbọ́ o, ìwọ wá fi ṣe ìwàásù! Ta ló ní iyọ̀ pọ̀ gan-an, àwọn ni àbí ìwọ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá.

Lónìí, Ẹ̀gbọ́n, ọmọkùnrin Bàbá, ń bọ̀. Iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ni ọkùnrin náà ń ṣe ní ìlú tó jìn, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá kan mọ́ ilé rẹ̀ nítorí Bàbá. Yàrá náà kò ní àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti ń tún ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ àwọn tí irú àìsàn yìí bá gba ẹnu wọn. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé: "Mi ò ní fipá mú wọn. Mo máa bi wọ́n ni. Ohun tí Bàbá bá sọ labẹ gé."

Láti ìgbà náà ni ọkàn Ẹnu-Bàbá kò ti balẹ̀. Ó ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ mọ́ nítorí Bàbá, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní igun yàrá, aṣọ ló fi bò ó. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ dúró, dúró, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí Bàbá bá tún lọ, kí ni yóò kù? Ẹnu tí kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́, kí là ń fi í ṣe?

Ọ̀sán ti pọ́n kí mọ́tò tó dúró níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó kí Bàbá, ó fa ìjókòó sún mọ́ wọn ní pálọ̀, ó sì di ọwọ́ òsì wọn tó ṣì lágbára mú. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, yàrá náà, àwọn olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kò kánjú, kò sì sọ ọ́ bí ẹni ń tan ọmọdé.

"Bàbá, ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

"Ókéè," ni Bàbá wí.

Ẹnu-Bàbá gbọ́ ọ kedere. Ohùn tí Bàbá máa ń lò láàárọ̀ nìyẹn nígbà tí ara ṣì le, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn wọlé. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan."

Bàbá fi ọwọ́ òsì lu apá àga. "Ókéè!"

"Wọ́n ní kí ẹ má bínú," ni ó wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Wọ́n ní ẹ ṣeun, àmọ́ ilé yìí ti mọ́ àwọn lára."

Ẹ̀gbọ́n fa ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. "Kò burú," ó ní. "Ìwọ lo wà pẹ̀lú wọn. Mi ò lè sọ pé mo mọ̀ wọ́n jù ẹ́ lọ."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dun Ẹnu-Bàbá. Ká ní ó bínú ni, ìbá mọ ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Irọ́ ni mo pa, ó wí nínú ara rẹ̀. Mo parọ́ mọ́ bàbá mi lójú ara wọn, wọn ò sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi já mi nírọ́. Ìtìjú bò ó, síbẹ̀ inú rẹ̀ tún ń dùn pé wọn ò lọ mọ́.

Bàbá gbá ọ̀pá wọn mú, wọ́n dìde. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìgbàjámọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí nǹkan fi já lulẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì sì sáré tẹ̀ lé wọn. Agolo àwọn búrọ́ọ̀ṣì ló ṣubú. Bàbá ti mú dígí ọwọ́ kúrò lórí ìṣó, wọ́n fi ìdí rẹ̀ lu àga, wọ́n ń wo ọmọbìnrin wọn.

"Bàbá, ẹ rọra, ẹ máa ṣubú."

Wọ́n tún lu àga náà. Ẹnu-Bàbá wá jókòó sórí rẹ̀.

Bàbá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fara ti àga, wọ́n sì gbé dígí sókè. Ọwọ́ òsì kò mọ iṣẹ́ náà. Àjà ilé ló kọ́kọ́ hàn nínú dígí, lẹ́yìn náà ògiri, kó tó wá dúró. Ẹnu-Bàbá rí ẹ̀yìn orí ara rẹ̀. Irun náà kò rí òòyà, funfun sì ti ń yọ nínú rẹ̀. Ọrùn ti gbẹ. Bọ́tìnnì méjì ti já lẹ́yìn aṣọ, aṣọ ọrùn aránṣọ! Kò mọ̀ pé bí òun ṣe rí nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yìí ni Bàbá ń rí lójoojúmọ́, nígbàkígbà tó bá yíjú lọ gbé oúnjẹ, tó bá yíjú lọ bu omi.

"Ókéè?" ni Bàbá béèrè.

Ẹnu rẹ̀ ti là. "Wọ́n ní" ló fẹ́ wí, nítorí Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Ó pa ẹnu dé. Òun ni Bàbá ń bi, kò sì sí ẹni tó ti bi í láti ìgbà tí àìsàn ti wọ ilé yìí. Ó wo ojú Bàbá nínú dígí ńlá. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Rárá, Bàbá," ó ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Rárá o."

"Ókéè," ni Bàbá wí, bí wọ́n ṣe ń wí fún oníbàárà tí irun rẹ̀ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n rọra gbé dígí náà lé e lórí itan, wọ́n sì kọjú sí ọmọkùnrin wọn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ẹ má bi mí mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Irọ́ ni mo pa fún yín ní pálọ̀. Àwọn ni kí ẹ bi, kí ẹ sì máa wo ojú wọn."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó sún mọ́ Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tiwọn dọ́gba, ó sì tún ìbéèrè rẹ̀ bi wọ́n. Bàbá dá a lóhùn. Ó wo ojú wọn pẹ́, bí ẹni ń ka ìwé tí kò tíì mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó mi orí pé ó ti yé òun, ó sì jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ẹnu-Bàbá jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọ̀pá Bàbá ṣe ń kan ilẹ̀ lọ síta. Ìyá Oníbúrẹ́dì yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹnu-Bàbá! Níbo ni wọ́n ń lọ? Kí ni Bàbá wí?"

"Ókéè ni wọ́n wí," ó dá a lóhùn, kò sì fi nǹkan kan kún un.