Ṣé Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì Ṣì Bóde Mu?

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọkùnrin tó ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn ńlá ti ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ àwọn ará Jàpáàn ni, ó pupa, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Iná iwájú rẹ̀ máa ń pa ojú dé bí ọmọ tuntun tó ń sùn, àfi tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì kí ó tó là á. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà nígbà tó rà á, kò tíì níyàwó. Bó bá ti yọ ní òpópónà, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dánu dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Onílẹ̀kùn Méjì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ kò mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró de ẹnì kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ọkọ̀ gíga-gíga, tí tirẹ̀ bá sì wà láàrin wọn níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ńṣe ló dà bí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Wọ́n á bi í pé ṣé ọkọ̀ ló ń wọ̀ ni àbí bàtà. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tí kò mọ wúrà ló ń pè é ní bàbà. Nínú lọ́hùn-ún, ìbéèrè kan ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi: ṣé ọkọ̀ yìí ṣì bóde mu, àbí òun nìkan ni kò gbọ́ pé ìlù ti yí padà? Bó bá tà á, ta ni òun ó wá jẹ́? Bó bá sì ń wà á lọ, ta ni òun ń tàn jẹ? Kò rí iwájú lọ, kò rí ẹ̀yìn padà sí.

Ìyàwó rẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣàròyé ìgbáròkó, tó ń sọ pé láti jókòó sínú ọkọ̀ náà dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, ká má tíì sọ ti àtijáde. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀ ni, pé ìdí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wọlé kí wọ́n tó kó ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó tilẹ̀ ṣe é kó rí i lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà wá ọ̀pá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ há tí kò ṣí mọ́, ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ wọlé.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ náà kò gbádùn. Ọwọ́ inú rẹ̀ ti já láti ìgbà òjò. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ jáde, á sọ gíláàsì kalẹ̀, á na ọwọ́ síta, á sì ṣí i láti ìta bí olè tó ń ja ara rẹ̀ lólè. Ó ti mọ́ ọn lára, kò kà á sí ìyọnu.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Láàárọ̀, ó ti ya ọrùn ọwọ́ mẹ́ta, àyà mẹ́fà àti orúnkún ọkùnrin kan tó já bọ́ lórí àkàbà. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ní fèrèsé kankan, ògiri rẹ̀ nípọn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sá lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án láti jẹun. Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé fóònù sórí tábìlì. Ó mú búrẹ́dì àti ẹyin sísè, ó wọ ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìgbà tó jẹun tán, ó tẹ bọ́tìnnì gíláàsì. Kò gbọ́ ìró. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́ ìró. Ó tẹ fèrè, fèrè náà kò fọhùn. Bátìrì ti kú.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, kò mì. Ó yíra sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ikùn rẹ̀ há sídìí sítíárìn, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀, ọwọ́ náà kàn ń lọ, ó ń bọ̀ lásán. Oòrùn dúró gangan lórí irin. Inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé ìdérí lé. Gbogbo gíláàsì rẹ̀, tó fi mọ́ ti iwájú, dúdú kirikiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ ọ́ dúdú nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kí àwọn ará ìta lè máa ṣe kàyéfì nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ó ti gbọ́wọ́ sókè láti máa lu gíláàsì nígbà tó rí àwọn mẹ́ta kan tó ń bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ dókítà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀, èkejì ni obìnrin apòògùn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ẹ̀kẹta ni ọmọbìnrin ọkùnrin inú ọkọ̀ náà, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn náà, tí kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Onílẹ̀kùn Méjì ló bí òun. Ọwọ́ bàbá dúró lófuurufú. Kí ni yóò sọ fún wọn? Pé ohun tó fi ń yangàn ló ti òun mọ́lé?

Dókítà kékeré dúró níwájú ọkọ̀ náà, ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa, wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ní ọkọ̀ òde òní bára jọ bí ẹyin inú àpótí, ṣùgbọ́n ẹni tó ya èyí mọ ohun tó ń wá. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń fi ojú méjèèjì wá irú rẹ̀ kiri báyìí. Apòògùn ní kó fara balẹ̀. Ó ní àgbàlagbà tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò tó fi lọ sílé ìwé girama: ṣòkòtò lè dára, ìdí ni kò gbà á mọ́. Dókítà ní ẹni tó ń tijú ni ohun ìní rẹ̀ ń dójú tì; ẹni tó bá wà á tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló bóde mu.

Nínú ọkọ̀, òógùn ń ṣàn wọ ojú ọkùnrin náà, ó ń ta á. Síbẹ̀ kò kan gíláàsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò bá òun dá ẹjọ́ yìí. Nígbà tí dókítà ń yin imú ọkọ̀, àyà rẹ̀ wú. Nígbà tí apòògùn dárúkọ ṣòkòtò, ó wo ikùn ara rẹ̀.

Apòògùn wá yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? O kàn dákẹ́. Ṣé ó bóde mu àbí kò bóde mu?"

Ọmọ náà wo ọkọ̀ náà. "Bàbá mi ló ni ín," ó wí.

Ara apòògùn bù máṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà mi orí.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọkọ̀ náà rẹwà, mi ò ní sọ pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni bàbá mi ń ya egungun wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìgbáròkó ti ń dun ìyá mi, bàbá mi ò yà á rí. Wọ́n ní ìyá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ ni."

Ilẹ̀kùn kò ṣí, gíláàsì kò sọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ kí wọ́n máa lọ, kí òun ṣì wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rójú òun. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ti ń kúrú. Bó bá kan gíláàsì, ọmọ á mọ̀ pé òun gbọ́. Bí kò bá kàn án, bóyá ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò tó rí òun, kò sì dá a lójú pé òun ó ṣì wà láàyè. Wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi kan gíláàsì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

Apòògùn fò sẹ́yìn. Ọmọ nìkan ló wá, ó ṣí ilẹ̀kùn láti ìta. Afẹ́fẹ́ wọlé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, bẹ́ẹ̀ ni àga náà rẹlẹ̀. Ọmọ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó ọwọ́ sí i lábíyá, ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Dókítà sáré lọ bu omi. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?" ọmọ bi í.

"Ó pẹ́."

"Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ọmọ kò tọrọ àforíjì, bàbá náà kò sì béèrè fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bá òun lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Obìnrin náà béèrè bóyá ẹnì kan ló kú. Wọ́n wọ takisí onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bó ṣe yẹ, obìnrin náà sì pa eyín dé kó má bàa ké. Nígbà tí àwòrán yọ lójú ẹ̀rọ, ọkùnrin náà kò nílò kí dókítà kankan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àlàfo tó yẹ kó wà nínú oríkèé ti pa dé tán, egungun ti ń fi ara ha egungun. Irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lóṣù kan. Ó ti rí i lára ọ̀pọ̀ àjèjì, ó sì máa ń bi àwọn tó mú wọn wá pé kí ló dé tí wọn kò tètè wá.

"Kí lẹ rí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè láti orí tábìlì.

Ó jáde láti ẹ̀yìn ògiri tó ti ń wo ẹ̀rọ, ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sọ ohun tó rí fún un. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé o ò mọ ìjókòó," ó wí.

"Mo mọ̀."

Ó ní òun ó ta ọkọ̀ náà, pé dókítà kékeré ti béèrè láàárọ̀. Obìnrin náà wo òkè àjà.

"Ẹ má torí mi tà á o, bàbá ọmọ mi. Tí ẹ bá tà á, títí ọdún mẹ́wàá lẹ ó máa wò mí bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà gbé mi sọ̀ kúrò lórí tábìlì yìí, ó tutù."

Títà, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Àìtà, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ó kó ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin náà fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìrora náà fi rọlẹ̀ díẹ̀. Kò sọ fún un pé kó yára.